Ìlà Tí Mo Fò

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì lórí lè di ọ̀rọ̀ méjì. Òun gan-an ni mo sì fi ẹ̀kọ́ náà ṣe ní ibi. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú báyìí, ara èmi náà kò sì le mọ́. N kò fẹ́ gbé òótọ́ yìí wọ inú ilẹ̀.

Lọ́dọ̀ wọn ni mò ń gbé nígbà náà. Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi, kò mọ̀wé rárá. Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní ìwé kíkà nírọ̀lẹ́. Ìfẹ́ wọn ti tutù bí ọbẹ̀ àná: bí ọkọ bá wọlé, ìyàwó á bọ́ sí ilé ìdáná, bí ìyàwó bá jókòó, ọkọ á rántí pé òun gbàgbé òòlù sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí ìyàwó ń sọ fún un pé, "Ilé yìí ti kéré fún èèyàn mẹ́ta." Ó lè jẹ́ pé ilé tó tóbi ló fẹ́ kí wọ́n gbà. Èmi olórí burúkú, mo rò pé èmi ló fẹ́ lé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, mo á bi ara mi pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín. Bí ó bá dákẹ́, mo á ní ó ń gbèrò.

Nígbà tó yá, ó kọ ìtàn kékeré kan fún kíláàsì wa, nípa obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kì í bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́ kò fi àmì kankan sí i. Ó fún mi ní ẹ̀dà kan, ó ní, "Adúmáadán," bó ṣe máa ń pè mí, "ẹ fi èyí dánra wò nílé."

Nígbà tí mo mú un délé, ẹ̀gbọ́n mi, tí inú ti ń run láti bí ọjọ́ mélòó kan, ní, "Kà á kí n gbọ́. Kí ló ń kọ nípa mi?"

Mo kà á dé ibi tí obìnrin inú ìtàn ti ń dáná nínú ooru. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Oogun re kan sinu obe." Òógùn tó ń jáde lára ni. Mo mọ̀, nítorí ojú mi ti rí ìlà tó kàn, níbi tí obìnrin náà ti nu iwájú orí rẹ̀ tó ní, "Ó tán, iyọ̀ ọ̀fẹ́!" Ṣùgbọ́n oògùn ni mo pè é, mo sì pa ìwé náà dé.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. "Oògùn? Nínú ọbẹ̀ mi?"

Ìyàwó sáré jáde láti ilé ìdáná. "Òógùn ni mo kọ! Òógùn! Ẹ mú un wá kí n kà á fún yín."

"Ìwọ lo kọ ọ́. Ohun tó bá wù ọ́ ni wàá kà."

Ìyàwó yíjú sí mi. "Adúmáadán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìlà tó kàn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an wà. Mo ní, "Ibi tí mo mọ̀ ọ́n kà dé nìyẹn."

Ṣé ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń dáàbò bò, àbí ẹní tí mò ń sùn lé? Mo ti bi ara mi títí. Èyí tó dára ni ọkàn mi máa ń fẹ́ mú, n kò sì gbà á gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ìfura ka ọmọnìkejì yín. Ẹ ka ìlà tó kàn. Bí ìyàwó wa bá ṣì wà láyé, kó forí jì mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kó máa lọ. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì kan. Lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró níwájú mi, ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Ẹ ti mọ̀wé báyìí, Adúmáadán."

Ó gbé báàgì náà kọ́ èjìká, ó sì lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.