Lẹ́tà Àforíjì Nítorí Ẹ̀wà Inú Etí

Èmi kọ́ ni wọ́n máa fi bo àṣírí ara wọn nílé ìwòsàn yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì sọ pé kí n lọ bẹ̀bẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro tẹnu mi tán. Nítorí pé ẹ̀yin lẹ ṣe onídùúró mi ni wọ́n ṣe sáré pè yín lórí fóònù, ẹ sì ti dá ẹjọ́ kí n tó wọlé. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni?

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Mo ti yọ bọ́tìnnì nínú imú, mo ti yọ aáyán nínú etí, ẹjẹ̀ imú ti ta sí mi láṣọ láìmọye ìgbà, mi ò ráhùn. Ọ̀gá wa tí à ń pè ní Onídíńgí, nítorí díńgí roboto tí kì í kúrò níwájú orí rẹ̀ kódà tó bá ń jẹun, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa pé ohunkóhun tó bá jẹ́ kóró oúnjẹ nínú etí, ẹ má fi omi lé e, ìkọ́ ni kí ẹ fi yọ ọ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin wá, ó ní òun ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ni ọmọ ki ọ̀kan bọ etí. Mo kọ ọ́ sórí káàdì: ẹ̀wà, etí ọ̀tún. Mo tiẹ̀ fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá ò wo káàdì. Èrò pọ̀ níta, ó kàn yọjú wo etí fìrí, ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun fa omi sínú síríǹjì ńlá.

Òfin ibẹ̀ sì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá níwájú aláìsàn, tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kó pa á mọ́nú títí aláìsàn á fi jáde. Mo pa á mọ́nú. Ọlọ́run ń gbọ́ mi, mo pa á mọ́nú, ó sì fín síríǹjì kìíní. Ìgbà tó gbé ìkejì ni ọwọ́ mi ṣáájú ẹnu mi, mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní ọ̀gá, ẹ̀wà ni o.

Ó ti bọ́ sórí. Ta ni kò rẹ ẹ̀wà sómi rí? Ṣé ẹ̀wà á mọ̀ pé inú etí lòun wà ni, kó má wú? Ó wú, ó há gbagidi, ọmọ ń ké, ìyá ń ké, àfìgbà tí wọ́n fún ọmọ lóògùn oorun ní tíátà iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kejì kí wọ́n tó rí i yọ. Awọ inú etí ò ya, a dúpẹ́.

Wọ́n wá ní mo fàbùkù kan ọ̀gá, mo dì í lọ́wọ́ mú bí ẹni tó mú olè. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà àforíjì, kí n ní èmi ni mi ò kọ ẹ̀wà sórí káàdì, kí n fọwọ́ sí i kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n kó ẹrù mi, kí ọdún mẹ́ta wọgbó. Káàdì wà nínú fáìlì, mo rí i. Nọ́ọ̀sì àgbà náà rí i, ó ní òun ò rí nǹkan kan, òun lọ́mọ mẹ́rin nílé ìwé. Mi ò bá a wí.

Ẹ̀ ń mi orí. Ẹ ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ẹ parí òwe yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, ti àgbàlagbà ńkọ́, ṣé ó wọ kèrègbè? Ẹ ní kí n ro ti ìyá wa tó ń jẹ́ ìyá dókítà káàkiri àdúgbò. Mo rò ó. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ sí irọ́ yìí, lọ́jọ́ tí ọ̀gá mìíràn bá tún gbé omi, ẹnu wo ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi máa fi sọ̀rọ̀?

Lẹ́tà? Mo ti kọ ọ́. Òun rèé, ẹ kà á, kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdébìnrin yẹn, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀wà ni, mo kọ ọ́ sórí káàdì, mo sì dákẹ́ títí síríǹjì kìíní fi wọlé. Mo ti fọwọ́ sí i. Ẹ dìde, ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, ọ̀kan fún ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, ọ̀kan fún ìyá ọmọ.