Àmì Ìpè Ọkọ Mi

Ẹ má kí mi, Akọ̀wé, ẹ má kí mi rárá o! Kí ni mo fẹ́ fi ìkíni ṣe? Ẹ̀yin àbúrò ọkọ mi, ẹ̀yin tí mo ti ń pè ní Akọ̀wé kí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀ tó fi yín ṣe akọ̀wé, ẹ̀yin náà lẹ mú bírò, tí ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ ìgbì rédíò pé kí wọ́n wá wò ó, pé ẹnìkan ń fi àmì ìpè òkú sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́? Òkú! Ẹ̀gbọ́n yín lẹ pè bẹ́ẹ̀!

Mo mọ̀ pé ó kú. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ọwọ́ náà fi tutù, ẹ má kọ́ mi.

Wọ́n wá lánàá, Akọ̀wé. Ọkọ̀ funfun kan tó ní irin gíga lórí, ó yí àdúgbò wa ká lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, ó wá dúró gbọnin sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Àwọn oníbàárà sì kún ibẹ̀! Ọmọ tó fẹ́ ṣègbéyàwó dúró lórí àpótí, píìnì yí etí aṣọ rẹ̀ ká, mo ní kó dúró dè mí díẹ̀ torí aago mẹ́rin ti lù, mo wà ní yàrá ẹ̀yìn, mò ń pe àmì ìpè ẹ̀gbọ́n yín, orúkọ tó ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́, ketekete sínú rédíò.

Ọmọbìnrin kan ló wọlé, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà, kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ta ló ni ìwé àṣẹ rédíò yìí?" Mo ní ọkọ mi ni. Ó ní, "Ṣé a lè rí wọn?" Háà, ẹnu òrofó ló ń pa òrofó! Mo ní, "Ó ń sùn."

Ó ń sùn! Níwájú àwọn tó bá mi sin ín! Ìyàwó orí àpótí wolẹ̀, ẹnìkan wúkọ́. Ọmọbìnrin náà kàn rọra ṣí fáìlì, mo sì rí ìkọ̀wé yín níbẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, a ti mọ̀." Ká ní ó jágbe mọ́ mi ni, ǹ bá jágbe padà, ọ̀rọ̀ á sì di ariwo, ojú kì í ti èèyàn nínú ariwo. Kò jágbe. Ilẹ̀ kò sì lanu kí n wọlé.

Ó ní ilé ni wọ́n ń jogún, ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ń jogún, wọn kì í jogún ìwé àṣẹ. Ẹni tó ṣe ìdánwò ló ni àmì ìpè, ọjọ́ tó bá sì kú, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Ó ní bí oníkálukú bá ń jẹ́ orúkọ tó wù ú lórí afẹ́fẹ́, báwo làwọn ṣe máa mọ ẹni tó ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ òfuurufú lẹ́nu? Ó tọ̀nà! Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyẹn, pé ó tọ̀nà! Wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ ojú rédíò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tàn án mọ́, wọ́n ní ó dàbọ̀.

Ẹ ní kí ló dé tí mo ṣe é? Ẹ̀ bá ti bi mí ṣáájú lẹ́tà!

Mo kàn ń nu eruku ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú. Mo ní kí n tan án, kí n gbọ́ ariwo rẹ̀ tí mo fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n bá a jà lé lórí. Àfi bí mo ṣe gbọ́ bàbá tó ń tún dùùrù ṣe, bàbá afọ́jú ìlú òkèèrè yẹn, ẹni tí ẹ̀gbọ́n yín ń bá sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́rin lójoojúmọ́. Ó ń pè é. Á pè, á dákẹ́, á tún pè. "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o wà níbẹ̀?" Mo búra, mo fẹ́ sọ fún un! Mo pe àmì ìpè bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ, bàbá sì hó fún ayọ̀, "Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi! Ọkọ rẹ ńkọ́?" Mo ní ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ń sùn.

Oṣù mẹ́jọ ló ti ń sùn, Akọ̀wé.

Bàbá yẹn tiẹ̀ fẹ́ tẹ dùùrù kí ọkọ mi lè jí. Mo ní rárá o, òfin kò gba orin lórí ìgbì tiwa. Èmi! Èmi ni mò ń ka òfin fún un! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó yẹ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ẹ̀yin ń gbọ́ mi. Òpópónà mẹ́rin péré ló wà láàárín wa, ẹ ní rédíò, ẹ ń gbọ́ mi lójoojúmọ́, ẹ ò sì wá kan ilẹ̀kùn kí ẹ ní, "Ìyàwó wa, ó tó."

Kí lẹ wí? Ẹ sọ ọ́ sókè.

Pé bí ẹ bá ti gbọ́ àmì ìpè yẹn, ẹ kọ́kọ́ máa ń rò pé òun ni? Lójoojúmọ́? Pé ẹ ò lè wọ yàrá yẹn, lẹ́tà ló rọ̀ yín lọ́rùn?

Háà. Ẹ má sunkún. Mi ò wá kí ẹ lè sunkún o, mo wá jà ni.

Ó dáa, ẹ gbọ́. Ọmọbìnrin yẹn sọ pé ẹni tí kò níwèé àṣẹ lè sọ̀rọ̀ bí oníwèé àṣẹ bá fi àmì ìpè tirẹ̀ ṣí ọ̀nà, tó sì jókòó tì í. Bàbá yẹn ń pè lánàá bí wọ́n ṣe ń lẹ bébà, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ nu ojú yín. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi rédíò yín yìí pe àmì ìpè tiyín, ẹ bá mi wá a rí, kí ẹ wá dákẹ́. Èmi tí mo purọ́ ni mo máa fi ẹnu ara mi sọ fún un pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kú. Bí ẹ bá dìde nídìí mi pẹ́nrẹ́n kí n tó sọ ọ́ tán, kí n má bá yín sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Ẹ tàn án.