Ojú Risi àti Àwọn Agbọ́n Inú Ìgò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń gbé ẹrù yìí kiri. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí tó fi kú. Mi ò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé àbúrò mi pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ fi ọmọ òun kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi.

Àbúrò mi yìí, ojú kan ló ní. Èmi ni mo fọ́ ìkejì. Ó mọ̀ pé èmi ni mo fọ́ ọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé lọ́jọ́ náà kò ṣẹ èmi, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Risi ni màá pè é níbí. Ọmọ àbúrò ìyá mi ni. Nínú àwọn ọdún 1990, èmi ni mo kọ́kọ́ dé Dubai. Mo tẹ̀ lé àwọn oníṣòwò wa tí wọ́n ń ra ọjà ní Deira, nígbà tí wọ́n padà sí Èkó, èmi jókòó sílẹ̀. Mo rí iṣẹ́ ilé lọ́dọ̀ òyìnbó obìnrin kan ní Mirdif. Madam ni gbogbo wa ń pè é. Olùkọ́ ni ní iléèwé kan ní Sharjah, ìlú tó wà nítòsí, òun nìkan ló ń gbé ilé ńlá náà. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí visa mi, tó bá fagi lé e, mo gbọ́dọ̀ padà sílé. Nígbà tó yá, mo bẹ̀ ẹ́ kó gba Risi náà, ó sì gbà á.

Bedspace, ibùsùn nínú yàrá àjọgbé, la ń gbé ní Al Qusais, Risi lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, èmi ní ìsàlẹ̀. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ takisí, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lọ ẹ̀wù òyìnbó. "Máa wo ọwọ́ mi," ni mo máa ń sọ fún un. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ń wo ọwọ́ mi lóòótọ́, ọwọ́ yẹn náà sì ń bà á. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín mọ́. Ọwọ́ mi kì í pẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn. Bí ìrẹsì bá jóná, màá gbá a létí. Bó bá dá mi lóhùn lọ́nà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, màá gbá a létí. Àwọn àgbà ní tí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni èmi fi ń nà án.

Nǹkan kan wà tí Madam fẹ́ràn ju èèyàn lọ. Tí iléèwé bá ti gba ìsinmi, ó máa ń lọ sórí àwọn òkè kan ní Iran, níbi tí òdòdó róòsì ti ń hù nínú igbó fúnra rẹ̀. Ó máa ń ṣẹ́ àwọn ẹ̀ka rẹ̀ wálé, ẹlẹ́gùn-ún gbáà ni wọ́n. Kókó kan máa ń wà lára ẹ̀ka yẹn, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó nírun lára, ó tó àgbálùmọ̀. Inú fíríìjì ló ń kó wọn sí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn, mo rò pé èso òyìnbó ni, mo ti mú ọ̀bẹ tì í kí Madam tó sáré já a gbà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ yẹn ló jókòó ṣàlàyé fún èmi àti Risi. Ó ní agbọ́n kékeré kan ló ń yé ẹyin sínú ọ̀mùnú róòsì. Róòsì á wá wú, á di kókó, àwọn ọmọ agbọ́n náà á máa gbé inú rẹ̀, ìdin kọ̀ọ̀kan nínú yàrá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n agbọ́n mìíràn tún wà tó nírin gígùn nídìí bí abẹ́rẹ́. Yóò gún kókó náà wọlé láti ìta, yóò yé ẹyin tirẹ̀ sára onílé. Tí ẹyin yẹn bá pa, yóò máa jẹ onílé díẹ̀díẹ̀, láàyè, nínú yàrá onílé fúnra rẹ̀.

Ó la ọ̀kan, ó fún mi ní dígí tó ń mú nǹkan kékeré tóbi. Mo rí i. Ìdin funfun méjì ló wà nínú ihò kan. Kékeré lẹ̀ mọ́ ńlá lára, ó ń fà á mu. Ńlá náà ṣì ń mira. Mo yí ojú kúrò. Risi gba dígí náà, ó wò ó pẹ́.

"Sister mi, ẹ wò ó," ó ní. "Kò tiẹ̀ pariwo."

Mo wá sọ fún Madam pé agbọ́n kan wà nílé wa tó ń fi amọ̀ kọ́lé sára ògiri, tó ń kó kòkòrò ewé wọlé. Màmá mi máa ń sọ pé ọmọ ló ń gbà tọ́, pé ó ń sọ fún wọn pé "ẹ jọ mí, ẹ jọ mí" títí wọ́n á fi di agbọ́n. Madam rẹ́rìn-ín. Ó ní oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ni kòkòrò wọ̀nyẹn, pé kò gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ rárá. Mi ò ro ọ̀rọ̀ náà síwájú nígbà yẹn.

Nígbà tó di oṣù kẹta, Madam kó àwọn kókó jáde kúrò nínú fíríìjì, ó kó wọn sínú ìgò, ó fi aṣọ funfun dé ìgò kọ̀ọ̀kan. Yàrá kan tó fara ti ilé ìdáná ló tò wọ́n sí. Láràárọ̀ ló ń wo agbọ́n tó bá jáde, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni. Òfin méjì péré ló fún wa: a ò gbọ́dọ̀ ṣí ìgò, a ò gbọ́dọ̀ fín òògùn kòkòrò nítòsí yàrá yẹn láìti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Madam wà ní iléèwé. Risi ti fín òògùn sí aáyán ní ilé ìdáná láàárọ̀, lẹ́yìn náà ó jáde lọ ra búrẹ́dì. Èmi wọ yàrá ìgò láti nu ilẹ̀. Mo rí àwọn agbọ́n tuntun nínú ìgò kan, wọn ò ju èèrà lọ, ara wọn ń dán bíi wúrà. Mo fẹ́ rí abẹ́rẹ́ ìdí wọn dáadáa. Mo tú aṣọ ẹnu ìgò.

Wọ́n bo ojú mi. Madam ti sọ fún wa pé wọn kì í ta èèyàn, ṣùgbọ́n agbọ́n ni agbọ́n, wọ́n ti ta mí rí ní kékeré tí ojú mi wú dí. Mo sáré mú agolo òògùn ní ilé ìdáná. Mo fín in. Mo fín in sí afẹ́fẹ́, mo fín in sí ara ìgò, mo ń fín in mo ń ṣépè, títí agolo fi gbẹ. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo wo àwọn ìgò. Gbogbo agbọ́n inú wọn ti dojú délẹ̀. Àwọn mìíràn kú sẹ́nu ihò, orí wọn ti jáde, ara wọn ṣì wà nínú kókó.

Ẹ jọ̀ọ́, mo láyè láti sọ òótọ́. Ó tó wákàtí méjì kí Madam tó dé. Dípò bẹ́ẹ̀, mo so aṣọ ẹnu ìgò padà, mo dá agolo padà síbi tí Risi gbé e sí láàárọ̀, mo sì ṣí ilẹ̀kùn tó wà láàárín ilé ìdáná àti yàrá náà sílẹ̀.

Nígbà tí Risi gbé búrẹ́dì dé, mo fi àwọn ìgò hàn án.

"Risi, ṣé o ti ilẹ̀kùn yìí kí o tó fín òògùn láàárọ̀?"

Ó dúró, ó ń ronú. "Sister mi, mo rò pé mo tì í."

"O rò?"

Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fọwọ́ lérí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Láti ìgbà yẹn ló ti gbà pé òun ni.

Madam dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìgò kọ̀ọ̀kan. Ó wá béèrè lédè òyìnbó pé ta ló ṣe èyí. Ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ ròkè, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Mo ronú kan visa mi. Mo yíjú sí Risi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, ẹ jọ̀ọ́. Nílé wa, bí ọmọ ẹni bá ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, ẹni fúnra ẹni ló máa nà án lójú olóhun. A máa nà án títí olóhun fúnra rẹ̀ á fi ní "Ẹ fi sílẹ̀, ó ti tó." Tó bá ti bẹ̀ wá báyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí, kò lè gbé e lọ síbòmíràn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni màmá mi ṣe nà mí nítorí ìkòkò ìyá kan ládùúgbò, ìyá náà ló já mi gbà, tó tún fún mi ní ẹ̀kọ mu. Nǹkan tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n Madam kì í ṣe ará ilé wa, kò mọ̀ pé òun ló yẹ kó bẹ̀ mí.

Mo gbá Risi létí ọ̀tún, mo gbá a ní tòsì. Mo fi ìkúùkù bà á lẹ́nu, ètè rẹ̀ bẹ́. Ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ìdì ẹ̀ka róòsì gbígbẹ wà lórí tábìlì yẹn, ọwọ́ mi bà á, mo gbé e. Mo nà án lẹ́yìn, mo nà án lọ́rùn, mo nà án ní apá. Ẹ̀gún ń kọ́ aṣọ rẹ̀, mo ń fà á ya, ẹ̀jẹ̀ ń yọ. Lẹ́yìn ẹgba kọ̀ọ̀kan, mò ń wo Madam bóyá yóò bẹ̀ mí. Ó kẹ̀yìn sí wa, ó gbá ìgò kan mọ́ àyà, ó ń sunkún. Mo bá tún nà án. Ẹni tí yóò ní ó tó ni mò ń retí, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́.

"Sister mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Risi ń wí, "mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ohun tí kò ṣe ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Dípò kí ó ṣe mí láàánú, ńṣe ni inú tún bí mi sí i. Mo na ọwọ́ sókè. Ó gbójú sókè sí mi nígbà kan náà, bóyá ó fẹ́ sọ nǹkan. Ẹ̀ka náà bà á lójú. Ẹ̀gún kan há sójú òsì rẹ̀. Mo fà á. Mo mọ̀ ọ́n lára ní ọwọ́ mi pé ó kọ́kọ́ dì mú kó tó já.

Igbe tó ké mú Madam yíjú padà. "Khalas! Khalas!" ó pariwo, ó di ọwọ́ mi mú. Gbogbo ìlú yẹn ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó tó, ó parí. Ọ̀rọ̀ tí mò ń retí nìyẹn, ó sì ti pẹ́ jù.

Ní ọsibítù, Madam fẹ́ pe ọlọ́pàá fún mi. Risi kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ dídán yẹn pẹ̀lú aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ lójú. "Madam, please, no police. She's my sister. Na me spoil your work. I fall on top the stick." Ohun tó sọ fún dókítà náà nìyẹn. Wọn ò lè gba ojú náà là. Madam ní òun ò fẹ́ rí wa mọ́, ṣùgbọ́n kò fagi lé visa mi títí mo fi rí iṣẹ́ míì ní Al Majaz, ní Sharjah, níbi tí mo wà di òní. Risi ló padà sílé.

Ní pápákọ̀ òfurufú, pẹ̀lú báńdéèjì lójú, ó kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní, "Sister mi, ẹ dárí jì mí, mo bà yín lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó." Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Mo ti dárí jì ọ́."

Ó lọ́kọ, ó bí ọmọ kan, ó fi orúkọ mi sọ ọmọ náà. Gbogbo ọdún Iléyá ló ń pè mí, kì í gbàgbé láti tún bẹ̀ mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti ju ogún lọ, òtítọ́ kò tíì bá a, àárẹ̀ ló mú èmi tí mò ń sá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní: "Sister mi, visa ọmọ yín ti jáde o. Ẹ bá mi tọ́ ọ, kó lè jọ yín. Tó bá ṣàṣìṣe, ẹ nà án bí ẹ ṣe nà mí. Ìyà yẹn ló sọ mí dèèyàn." Ọmọ náà gba fóònù, ó kí mi dáadáa, ó ní, "Mummy, mò ń bọ̀ wá gbọ́ràn sí yín lẹ́nu." Mo pa fóònù, mo wo ọwọ́ mi, mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá sọ fún Risi, yóò mọ̀ pé lásán ni ojú òun lọ, pé gbogbo ọdún tó fi ń bẹ̀ mí, bí olè ni mo ṣe ń gba ẹ̀bẹ̀ náà. Bí mi ò bá sọ fún un, ọmọ rẹ̀ yóò wọlé mi, yóò máa wo ọwọ́ mi bí ìyá rẹ̀ ti ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ó ti pẹ́, pé ó ti tó. Risi nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, kò sì tíì mọ ohun tí mo ṣe fún un. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ọmọ náà máa wọkọ̀ òfurufú. Ìyá rẹ̀ ti ní òun máa pè mí ní Jímọ̀ kí òun lè tún bẹ̀ mí, kí n má gbẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀ òun lára ọmọ òun. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, báwo ni kí n ṣe dá a dúró?