Ẹ Jẹ́ Kó Dìde Fúnra Rẹ̀

Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Ambrose. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó níwájú. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fa ọmọ lé mi lọ́wọ́ láti Ìyèrè títí dé Ẹlẹ́gbẹ́ka. Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ wọ aṣọ funfun bí ẹni tó fẹ́ bá mi jà lónìí, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó. Èmi Qudirat, tẹ́ ẹ ń pè ní Ìyá Kàráté, ń dágbére, mi ò sì ní pẹ́, torí ẹni tí mo tìtorí ẹ̀ ń lọ ti ń wò mí.

Ọkọ mi ni, Bàbá Ammar, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Ẹ mọ̀ pé òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní júdò lápá ọ̀tún gbọ̀ngàn yìí, èmi ń kọ́ wọn ní kàráté lápá òsì, àríyànjiyàn wa sì wà láàárín. Kí ló ń borí, ṣé irú ìjà téèyàn kọ́ ni àbí èèyàn fúnra rẹ̀? Òun ní irú ìjà ni, pé ara á rántí ohun tó kọ́ lọ́jọ́ ìṣòro. Èmi ní irọ́ ni, pé ẹ fún ọ̀lẹ ní ìjà tó dáa jù láyé, yóò sùn lé e lórí. Ìdí oúnjẹ là ń jà á, inú mọ́tò là ń jà á. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Ammar, ìyá ọkọ mi ní ká gbé ọmọ fún òun ká lọ parí ẹ̀ níta. Olúfúnmilọ́lá, ìwọ tó ò ń gba ipò mi, ìwọ lo máa ń là wá. O ṣé, ọmọ dáadáa. Sùúrù ẹ ju tèmi lọ, ọkàn mi balẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá Ammar lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Mo rí i tó ń lọ sílẹ̀, mi ò sì lè sáré débẹ̀. Ilẹ̀ simẹ́ǹtì ni. Ọkùnrin yìí ká àgbọ̀n mọ́ àyà, ó yí sí ẹ̀gbẹ́, ó fi ọwọ́ tó ṣì ń gbọ́ tiẹ̀ gbá ilẹ̀ gbàà, bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ yín. Orí rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Ní ọsibítù, mo jókòó tì í, mo ní, "Bàbá Ammar, ẹ jàre. Ìjà tẹ́ ẹ kọ́ ló gbà yín là." Ọ̀rọ̀ ò lè jáde lẹ́nu ẹ̀, àmọ́ ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Mo sunkún.

Ṣùgbọ́n ààbọ̀ ni mo gbà fún un. Júdò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Ta ló kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń dìde nígbà tí ẹsẹ̀ kan ò gbọ́ mọ́? Àràárọ̀ ló ń gbìyànjú létí bẹ́ẹ̀dì, á làágùn, á padà jókòó, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ò sí nínú ìjà kankan, Bàbá Ammar fúnra ẹ̀ ni. Dókítà ní bí ẹnì kan bá wà tì í láàárọ̀ lálẹ́, ó ṣeé ṣe kó rìn. Èmi lẹni yẹn. Kì í ṣe pé iṣẹ́ sú mi o, mo fẹ́ràn ọkọ mi ni.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣubú. Ẹni tó bá wà nílẹ̀ nínú ilé yín, Ọlọ́run á gbé e dìde.

Ó ku ẹyọ kan. Nínú gbọ̀ngàn yìí, a kì í túká láìtẹríba fún ara wa. Bàbá Ammar, mo ti dúró, mò ń retí yín. Boniface, ìwọ tó o jókòó tì wọ́n, jókòó, má dì wọ́n mú. Ẹ jẹ́ kó dìde fúnra rẹ̀. Mi ò kánjú.

Ẹ rọra. Ẹ sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú.

Ó ti dúró. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n tẹríba fún ọkọ mi.