Mo Fi Ikú Suhail Pamọ́ fún Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí wa ní Agbowó, ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́nà ọ̀fun, kò lọ sísàlẹ̀, kò sì jáde. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ lónìí kó tó pa mí. Èmi Nùrẹ́nì tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní kéwú, èmi tí ẹ ń pè ní ààfáà, òpùrọ́ ni mí. Suhail ọmọ Àlàájà Bàdírátù ti kú sí ogun Sùdáànì. Mo ti mọ̀ tipẹ́, mo sì fi bò.

Ẹ rántí pé nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀, èmi ni ẹ ń bi léèrè. Èmi ni mo gbọ́ Lárúbáwá, mo máa ń gbọ́ ìròyìn lórí fóònù, màá sì túmọ̀ rẹ̀ fún yín lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé n kì í sọ ọ́ tán. Mo rí ibi tí wọ́n ti to àwọn ọkùnrin sídìí ògiri tí wọ́n yìnbọn fún wọn, tí àwọn tó ń yìnbọn ń ya fídíò ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo rí obìnrin tó ń fi ọwọ́ lásán walẹ̀ lẹ́yìnkùlé láti sin ọmọ. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín, màá kàn ní, "Nǹkan le níbẹ̀ o, ẹ máa ṣàdúà." Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú mi, màá dìde. Bí mo bá wọ kíláàsì, màá tún jáde. Mo máa ń rìn láti Agbowó dé Bódìjà láìní nǹkan tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀, fóònù lọ́wọ́, mò ń wo ohun tí n kò fẹ́ rí. Ìyàwó mi bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Àníọlá, ṣé bí ẹ bá ń wò ó ni yóò tán ni?"

N kò lè gbójú kúrò, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ mi ni Suhail. Nígbà tó parí kéwú, ìyá rẹ̀ fẹ́ kó máa bá òun ta aṣọ fèrèsé ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ṣàngó. Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kó lọ kàwé sí i ní Kátúùmù, olú-ìlú Sùdáànì. Mo ní, "Àlàájà, ibẹ̀ ni ìmọ̀ wà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà ní kíláàsì, Mánsúrù pè mí. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, òun àti Suhail ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà níbẹ̀. Ẹkún ló ń sun. Ó ní, "Ààfáà, wọ́n ti pa Suhail. Omi ló lọ pọn. Ẹ bá wa sọ fún ìyá ẹ̀, èmi ò lè sọ ọ́. Ààfáà, ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe..." Mo pa fóònù. Mo pa á mọ́ ọmọ náà lẹ́nu, mo wá sọ fún ara mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Èmi tí mò ń wo ikú ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀ dalẹ́, n kò lè gbọ́ ikú ọmọ tí mo kọ́.

Mo lọ sí Ṣàngó pé kí n lọ sọ ọ́. Bí Àlàájà ṣe rí mi, wọ́n sáré fa àga. "Ààfáà, ọmọ mi ń kọ́?" Ẹ̀rù bà mí pé wọn yóò ní èmi ni mo rán an lọ síbi tó kú sí. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, "Wọ́n ti kó wọn lọ sí abúlé kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò sí níbẹ̀." Àlàájà kúnlẹ̀ sáàárín aṣọ, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n ṣe sàárà ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀. Èmi ni mo ṣàdúà sí i.

Irọ́ kì í dá rìn. Nígbà tó yá, Àlàájà ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo wá inú fóònù mi, mo rí ohùn kan tí Suhail fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù kí ogun tó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ bá mi kí ìyá mi o, ara mi le." Mo gbé e sí wọn létí bí ẹni pé àná ló dé. Wọ́n ní kí n tún un gbé sí i. Mo tún un gbé sí i. Ẹ wo ààfáà yín, tó ń rán òkú níṣẹ́.

Èyí tó burú jù ni ti Jímọ̀ tó kọjá. Lèmọ́mù ní ká kírun òkú fún àwọn tí ogun pa níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kírun sí lára. Ẹ̀yin obìnrin rí Àlàájà tí wọ́n dìde láàárín yín, tí wọ́n jáde lọ jókòó sídìí bútà àlùwàlá. Ìyá Àbẹ̀ḿbí tẹ̀ lé wọn pé kí ló dé. Àlàájà ní, "Ọmọ tèmi ń bẹ láàyè. Mi ò ní fẹnu ara mi kírun òkú lé e lórí." Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ì bá dá wọn padà. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo bá yín kírun. Gbogbo wa la kírun sí Suhail lára, àfi ìyá tó bí i.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti fẹ́ kírun, Àlàájà ni mò ń rí nídìí bútà yẹn. Àná ni mo lọ bá wọn tí mo sọ gbogbo rẹ̀. Èpè ni mo retí. Wọn kò ṣépè. Wọ́n ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ààfáà, ta ló sin ín? Ṣé ẹni tó sin ín mọ orúkọ ẹ̀?"

N kò mọ̀. Mánsúrù fẹ́ sọ ọ́, mo pa fóònù. Mo ti ń pe nọ́ḿbà rẹ̀ láti àná, kò lọ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi ikú rán yín níṣẹ́, ẹ gbọ́ ọ tán, kí ẹ sì jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán yín. Ní ti ìdáríjì, n kò tíì lẹ́nu láti tọrọ rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ènìyàn ní Íjíbítì, ní Ṣáàdì, níbikíbi tí àwọn tó sá kúrò ní Sùdáànì wà, kó bá wa béèrè Mánsúrù ọmọ Ìṣẹ́yìn. Bí ẹ bá rí i, ẹ má ní kó pè mí. Àlàájà ni kó pè.