Irọ́ Tí Mo Pa fún Bàbá Ọkọ Mi Nítorí Dẹkódà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín kí n jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan. N kò ní sọ pé n kò purọ́ rí. Télọ̀ ni mí, ẹ sì mọ bí ẹnu àwa télọ̀ ṣe rí: a ó ní aṣọ ku bọ́tìnnì nìkan, nígbà tí a kò tí ì fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Ìyẹn, àwọn oníbàárà ti mọ̀ ọ́n mọ́ wa. Ṣùgbọ́n irọ́ kan wà tí mo pa fún bàbá ọkọ mi, tí ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá rántí ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, ẹ̀rín á pa mí. Bí mo bá rántí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, n kì í lè rẹ́rìn-ín.

Ìgbò-Ọrà ni a ń gbé. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè mí, orúkọ tí kò yà mí sọ́tọ̀ rárá, nítorí bí o bá pè é ní àdúgbò wa, èèyàn mẹ́rin ni yóò dáhùn. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọjọ́ Sátidé ló máa ń wálé. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ paraku ní Tápà, àmọ́ nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn dé oko mọ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wá ń gbé. Ṣé ẹ mọ bí àgbẹ̀ ṣe máa ń rí bí kò bá rí ebè kọ? Bàbá á jókòó, wọ́n á dìde, wọ́n á máa ka adìẹ àdúgbò. Tẹlifíṣọ̀n ló gbà wá. Ìròyìn Yorùbá tí wọ́n ń ka ní ìrọ̀lẹ́ kì í fo Bàbá ru, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n lè máa bá ẹni tó ń ka ìròyìn jiyàn.

Dẹkódà tí à ń sanwó fún lóṣooṣù ni a ń lò nígbà náà. Owó ọ̀hún ń gòkè bí ẹni ń gun ọ̀pẹ, kò sì sọ̀ kalẹ̀ rí. Ní Sátidé kan, ọkọ mi sọ fún mi nínú yàrá pé agbára òun kò gbé e mọ́, kí n bá òun sọ fún Bàbá. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti ẹnu ọmọ jáde. Báwo ni ìyàwó ilé ṣe máa kúnlẹ̀ níwájú bàbá ọkọ rẹ̀, kó ní ọmọ yín kò lówó lọ́wọ́? Lójú tèmi, àbùkù ọkọ mi ni mo ń bò. Nígbà tí àwòrán lọ, tí Bàbá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnu télọ̀ ló dáhùn. Mo ní, “Ẹ má dààmú, Bàbá. Ẹ̀rọ àwọn oníléeṣẹ́ ló bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó ń rí i wò ní gbogbo Nàìjíríà.” Bàbá ní kí Ọlọ́run bá wọn tún un ṣe. Mo ṣe àmín.

Mo wá ń wá ọgbọ́n dá. Mo gbé fóònù mi ti ife omi, kí Bàbá máa fi wo ìròyìn. Dátà tí mo rò pé yóò bá wa dé ìparí ọ̀sẹ̀, ìrọ̀lẹ́ méjì ló gbé e mì. Ojú Bàbá kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Wọ́n na ọwọ́ sí fóònù náà, wọ́n ní ẹni tó ń ka ìròyìn yìí mà ti rù, ṣé wọn kì í fún un lóúnjẹ ni?

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn ẹgbẹ́ Bàbá ń sọ ohun tí wọ́n wò lójú tẹlifíṣọ̀n lánàá. Bàbá ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n fi Bàbá rẹ́rìn-ín. Bàbá bá fi Wàláhì búra, wọ́n ní ìyàwó ọmọ àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì lè purọ́ fún àwọn láé. Bàbá kan nínú wọn fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sílé rẹ̀ tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí, ó tẹ bọ́tìnnì, àwòrán yọ kedere. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ ni Bàbá wá bá mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹlòmíì o.” Wọ́n sì wọ yàrá lọ.

Ọkọ mi kò wálé ní Sátidé yẹn, ẹrù ti gbé e lọ sókè Ọya. Ní Mọ́ńdè, mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà tọ Bàbá lọ, wọ́n ní kí n gbé e padà, àwọn ń gbààwẹ̀. Mo béèrè pé ààwẹ̀ wo ló bọ́ sí àsìkò yìí. Wọ́n ní, “Mo fi orúkọ Ọlọ́run búra lórí irọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ààwẹ̀ ìtánràn rẹ̀.” Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi purọ́, bàbá arúgbó ń febi san án! Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo gbé oúnjẹ ìṣínu wọlé, mo bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ sínú àpò. Wọ́n ní bí ọkọ mi bá dé ní Sátidé, kó gbé àwọn padà sí Tápà. Ta ni yóò pọnmi fún wọn ní Tápà? Ta ni yóò gbé wọn dìde bí orúnkún bá kọ̀?

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá ní, “Èmi tí mo fi gbàgùdá tọ́ ọmọ mẹ́fà, èmi lẹ wá ń fi àìlówó pamọ́ fún? Bí nǹkan bá tán nílé, kí ẹ sọ fún mi pé ó tán.” Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n wọn ò tú àpò náà. Wọ́n ní ilé tí nǹkan kò bá ti rọrùn, kí ẹnu kan dín níbẹ̀ ló dáa. Èyí ló dùn mí jù.

Ẹkún ni mo sun dé ọ̀dọ̀ Ìyá Tóyìn, tíṣà tó ń gbé ilé kejì sí wa. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ràn ìnáwó. Áńténà lèmi ń lò láti ọjọ́ tí mo ti kó dé láti Èrúwà. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rà á, mi ò san owó oṣù kankan rí.” Ó ní kí n lọ bá alátùn-únṣe rédíò ọmọ Ayétẹ̀ tó wà lọ́jà, kí n so áńténà mọ́ ọparun gígùn, kí n wá kọjú rẹ̀ sí Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, èyí tó bá mú jù níbẹ̀. Ó ní àwọn kan tilẹ̀ ń fi rímù kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe é. Bí ọwọ́ wa bá sì ròkè lọ́la, àwo tẹlifíṣọ̀n kan wà tí kò lówó oṣooṣù, tí ìlú Mẹ́kà pàápàá ń hàn nínú rẹ̀. Ṣé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó ló wà lápò ṣòkòtò wa yìí?

Nígbà tó di Alàmísì, mo ti ra áńténà, mo ti gba ọparun, mo ń gbẹ́ ihò lẹ́yìn fèrèsé. Èmi tí abẹ́rẹ́ mọ́ lọ́wọ́, kí ni mo mọ̀ nípa ọkọ́? Bàbá ń wò mí láti inú ilé. Nígbà tí wọn ò lè pa á mọ́ra mọ́, wọ́n tiro jáde, wọ́n ní, “Ṣé adìẹ lò ń gbẹ́ sàréè fún ni?” Wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ri ọparun náà, wọ́n ní ẹni tó rì í ló yẹ kó yí i, kí èmi wà nínú ilé, kí n máa sọ ibi tí àwòrán bá ti dára.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Ìyàwó wo ní Ìbàràpá ló máa jókòó sínú pálọ̀, táá máa ké mọ́ bàbá ọkọ rẹ̀ níta pé ẹ dúró, ẹ dá a padà? Mi ò lè ṣe é. Bí àwòrán bá ti yọ, mo máa sáré jáde, mo máa kúnlẹ̀, mo máa ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ó ti dára.” Kí n tó sọ ọ́ tán, Bàbá á ti yí ọparun kọjá ibẹ̀. Bí mo bá fi máa padà wọlé, ariwo “ṣàà” nìkan ni tẹlifíṣọ̀n ń pa. A ṣe é títí orúnkún tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí ro mí. Ìyá Tóyìn ti wá jókòó sórí àpáta ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń fi wá rẹ́rìn-ín.

Lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń ka ìròyìn yọ kedere, tòun ti fìlà orí rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn. Mo gbé ohùn sókè láti inú ilé, mo ki Bàbá: “Àkànní o, ọkọ mi! Ọmọ ajíroko-má-ṣọ̀lẹ, ọmọ afigbàgùdá-tọ́mọ!” Ẹ wò ó, ìyàwó kì í pàṣẹ fún bàbá ọkọ rẹ̀, àmọ́ kò sí bó ṣe lè fi oríkì pariwo tó tí ẹnikẹ́ni máa bá a wí. Ọkùnrin tí wọ́n bá sì ń kì, ṣé ó máa ń mira ni? Bàbá dúró gbagidi, ọparun lọ́wọ́. Mò ń kì wọ́n lọ, títí Ìyá Tóyìn fi kó òkúta há ẹsẹ̀ ọparun náà.

Bàbá wọlé, wọ́n wo ìròyìn náà dópin, wọ́n bá ẹni tó ń kà á jiyàn lórí ajílẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n ní láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó ki àwọn mọ́. Mo sunkún, inú mi sì dùn débi pé mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe. Ní àárọ̀ Jímọ̀, wọ́n kó aṣọ inú àpò fún mi pé kí n bá àwọn fọ̀ ọ́.

Láti ìgbà náà, ilé wa ti di ilé ayọ̀, a ò sì sanwó oṣù fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Àwòrán wa dára, Bàbá sì mọ̀ pé ó dára. Síbẹ̀, lójoojúmọ́, kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tiro jáde, wọ́n á tú òkúta ẹsẹ̀ ọparun, wọ́n á yí i kó bàjẹ́, wọ́n á wá máa yí i padà díẹ̀díẹ̀. Èmi á jókòó sínú ilé, mo máa gbé ohùn sókè, mo máa kì wọ́n. Àwòrán á ti dára tipẹ́ kí n tó dákẹ́, Bàbá ò sì ní mira. A kò sọ ọ́ fún ara wa rí.

Ọkọ mi ti wá ra òpó irin àti sìmẹ́ńtì. Ó ní bí òun bá dé ní Sátidé, òun fẹ́ ri áńténà náà mọ́lẹ̀ kó má lè yí mọ́, kí bàbá òun lè sinmi. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Bí mo bá sọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ fún un, ó máa bi Bàbá, ojú á sì ti Bàbá. Bí mo bá wá ìdí mìíràn, irọ́ ni, mo sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé mi ò ní purọ́ nílé yẹn mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, kí ni kí n ṣe? Ọ̀la ni Sátidé.