Ìlà Kan Tí Mo Fi Kún Ìwé Ìgbìmọ̀

Kíkẹ́lọmọ aya mi, ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ gbayawu. Má tì í. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọdún méje ni mo ti fi tì í mọ́ ikùn, dókítà sì ti sọ fún mi lánàá pé n ò ní pẹ́ lọ. Wọ́n ní òtítọ́ ọjọ́ kan á lé irọ́ ogún ọdún bá. Tèmi ò tiẹ̀ pé ogún ọdún, ó ti bá mi lórí ẹní. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jókòó. Sàlísù, ìwọ gan-an ni mo ránṣẹ́ pè. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ má bá mi sunkún o. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ sunkún fún, Bàbá Sàlàkọ́ ni, alájọ tó wà ní Bantama ní Kùmásì níbí, ẹni tí gbogbo yín pè ní ọ̀dàlẹ̀ títí ó fi kú.

Ẹ rántí ọdún 1969, nígbà tí báńkì àgbà ti ìjọba rán ìgbìmọ̀ wá sí Kùmásì láti wádìí owó tí àwọn èèyàn ń fi pamọ́ síbi tí kì í ṣe báńkì. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀ràn ni wọ́n pe ara wọn. Ọ̀mọ̀ràn kẹ̀! Èmi Alfred Oyèdélé ni akọ̀wé wọn, èmi náà ni ògbufọ̀ wọn, mo sì mọ̀ wọ́n tinú-tòde. Àwọn márùn-ún. Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọn ò wọ ọjà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn, tó kàwé débi pé imú ló fi ń sọ̀rọ̀, bi mí bóyá oúnjẹ ni wọ́n ń pè ní susu. Àjọ náà ni susu, èyí tí ìyá rẹ̀ dá tó fi rán an nílé ìwé! Ìdájọ́ wọn gan-an, wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi láti Accra, mo ti táìpù rẹ̀ kí wọ́n tó dé: kí ìjọba fòfin de àjọ. Wọ́n kàn wá jẹ mítípáì ni, kí wọ́n lè sọ pé àwọn gbọ́ tẹnu aráàlú.

Ṣùgbọ́n kí ni mo fi sàn jù wọ́n lọ? Àwọn ya òmùgọ̀, èmi ya ìkà. Lọ́dún náà, mo ń fura pé Kíkẹ́lọmọ yìí ń dá àjọ lẹ́yìn mi. Mo lọ bẹ Bàbá Sàlàkọ́ kó sọ fún mi. Ẹ mọ òfin alájọ: kì í sọ ti ìyàwó fún ọkọ, kì í sọ ti ọmọ fún ìyá. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alfred, bí mo bá sọ tìyàwó ẹ fún ẹ, kí ló máa ní kí n má sọ tìẹ fún ìyàwó ẹ? Lọ jẹun, ọmọ mi." Ẹ̀rín yẹn gbóná lára mi. Èmi tí mo ń wọ táì lọ síbi iṣẹ́, kí alájọ tí kò mọ̀wé wá máa fi mí rẹ́rìn-ín!

Ìwé tí ìgbìmọ̀ fi ń pe ẹlẹ́rìí, èmi ni mo ń táìpù rẹ̀. Nígbà tó kan ti Bàbá, mo fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀: bí alájọ kò bá wá dárúkọ gbogbo ẹni tó ń dá àjọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba á ti àjọ rẹ̀ pa. Kò sẹ́ni tó rán mi. Alága fọwọ́ sí i láìkà á, torí ọ̀mọ̀ràn kì í ka ohun tó ń fọwọ́ sí. Kwasi tí a jọ ń táìpù nìkan ló rí i. Ó ní, "Ei, Alfred, asɛm bɛba!" Ó ní wàhálà ń bọ̀. Mo ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ràzíátù ọmọ Bàbá ló ka ìwé náà fún un. Bàbá ò jẹun fún ọjọ́ méjì. Ó tọ̀ mí wá, ó ní, "Alfred, ìwọ lo sún mọ́ wọn. Ṣé kò sí bá a ṣe lè bẹ̀ wọ́n? Àmánà ni orúkọ àwọn èèyàn yìí lọ́wọ́ mi, ohun tí wọ́n fọkàn tán mi fún." Mo ní, "Bàbá, òfin ni. Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, àjọ run nìyẹn." Mo sì mọ̀ pé àjọ ti run lórí pépà tipẹ́. Ẹ wo irú èèyàn tí ẹ ń gbàdúrà fún ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi!

Lọ́jọ́ tó pé, ní gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Race Course, mo gba ìwé náà lọ́wọ́ Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, bí mo ṣe ń gba ti gbogbo ẹlẹ́rìí. Èrò kún orí bẹ́ǹṣì. Bàbá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ láti orí wá. Ó dárúkọ Àríkẹ́ ìyàwó rẹ, Sàlísù, tó ń dá àjọ lẹ́yìn rẹ. Mo rí ojú rẹ. Èmi ń retí Kíkẹ́lọmọ. Orúkọ lé ní àádọ́rin, kò sí Kíkẹ́lọmọ níbẹ̀! Àṣé ìfura lásán ni tèmi. Kíkẹ́lọmọ, jọ̀ọ́, má dìde, jẹ́ kí n parí ẹ̀. Alága tó ń bó ọsàn gbójú sókè, ó fi gẹ̀ẹ́sì bi mí pé, "Ta ló bèèrè orúkọ lọ́wọ́ baba yìí?" Ibẹ̀ ni ǹ bá ti sọ òótọ́. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó bèèrè, sà. Òun fúnra ẹ̀ ló fẹ́ fi wọ́n lé ìjọba lọ́wọ́." Bàbá ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ó ń wò mí tàánú-tàánú, ó rò pé mo ń bá òun bẹ̀ wọ́n ni. Ṣùgbọ́n ìwọ gbọ́, Sàlísù, o sì túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo èrò. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, o ti kó ẹrù Àríkẹ́ síta.

Ẹ rò pé ó tán? Ó ku èyí tó burú jù. Ní oṣù kọkànlá, ìjọba ní kí àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Alága ti bá mi wá tèmi. Èrè iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo lọ sí ibùdókọ̀ Kejetia lọ wo bí àwọn èèyàn wa ṣe ń dẹrù sọ́kọ̀. Bàbá gbé ẹní àti bùtà rẹ̀ dání, Ràzíátù tẹ̀ lé e. Sàlísù, ìwọ lo háyà lọ́rì, ìwọ lo sì dínà mọ́ ọn. O ní, "Haba! Wallahi, ọ̀dàlẹ̀ ò ní bá wa wọ ọkọ̀ yìí." Ràzíátù ń ké pé ìwé ni wọ́n fi bèèrè orúkọ, òun lòun kà á. Ẹnì kan dá a lóhùn pé, "Ìwọ ọmọ ẹ̀, kí ni ìwọ ò ní sọ?" Ìgbà náà ni Bàbá rí mi. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ní, "Alfred nìyí! Alfred, ọ̀dọ̀ rẹ ni ìwé yẹn wà. Jọ̀ọ́ ọmọ mi, kà á fún wọn." Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu lọ́rì yíjú sí mi. Ìwé náà wà lápò àyà mi, torí ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lè fi í sílé. Mo ní, "Bàbá, ìwé wo?"

Kò bínú. Ó ní, "Ó dáa, Alfred." Ó jókòó sórí ẹrù rẹ̀, lọ́rì sì lọ. Ọkọ̀ onímàlúù ló padà gbé e. Lọ́dún tó kọjá, Ràzíátù kọ̀wé pé Bàbá ti kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé ìmáàmù àti èèyàn mẹ́ta ló kírun sí i lára, àwọn tó ti Kùmásì dé ò yọjú. Ìgbìmọ̀ ńkọ́? Ikán ti jẹ ìwé wọn, àjọ ò sì kú. Ìyàwó alága gan-an ń dá a.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìwé, ẹ bẹ̀rù ohun tí ọwọ́ yín lè fi kún ìwé tí ẹnì kankan ò ní kà. Mo tọrọ àforíjì, Kíkẹ́lọmọ. Mo tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ Àríkẹ́ níbi yòówù tó bá wà. Sàlísù, gbé ìrọ̀rí mi sókè. Ìwé náà nìyẹn. Ìwọ tí o ti padà wá sí Kùmásì, o ń lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́, fún Iléyá. Mú un dání, kó gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu lọ́rì lọ́jọ́ náà jọ sí ojú oórì Bàbá, kí o sì kà á fún wọn.